Ọjọ́ Orí Fèrè Ìbídùnní

Gbogbo ìjọ ló ń gbàdúrà kí fèrè náà ti gbó. Ìbídùnní nìkan ló ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ ọmọdé.

Fèrè Faransé ni, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, irin ìtẹ̀ aláwọ̀ fàdákà sì kún ara rẹ̀ bámúbámú. Họ́bọ́ì ni àwọn àgbà kwáyà ń pè é. Èèsún pẹlẹbẹ méjì tí a dì pọ̀ ni wọ́n ń kì bọ orí rẹ̀ kí wọ́n tó fọn ún, ohùn rẹ̀ a sì jáde bí ohùn ọmọge tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lógójì ọdún tí Ìbídùnní ti ń fọn ún ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkòròdú. Èèsún etí ọ̀sà Ìjẹ̀dé ló fi ń gbẹ́ ahọ́n fèrè, òwú àwọ̀n apẹja ló fi ń dì í. Bí èèsún bá le jù, a máa kọrin bẹ̀ ẹ́:

Èèsún, rọ̀ fún mi o, rọ̀ fún mi,
Bí mo ṣe rọ̀ fún ọkọ mi;
Ọkọ lọ, ó kù mí kù ọ́,
Èèsún, rọ̀, ká jọ dún.

Ọdún 2008 ni ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́fà ọdún. Olóyè Adélàjà bá dìde nípàdé, ó tún agbádá ṣe, ó ní bàbá bàbá òun ló gbé fèrè náà ti Paris wá lọ́dún 1861, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé rárá. Ó ní nítorí náà, ilé àwọn ni oyè Bàbá Ìjọ tọ́ sí. Ó ní ohun àgbà bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ ní ohun tí à ń tu itọ́ sí lẹ́nu lójoojọ́ Ìsinmi. Inú àpótí onídígí ló yẹ kó máa gbé, kí aráyé máa wò ó. Òun tiẹ̀ ti kan àpótí náà.

Ìjọ pàtẹ́wọ́, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló tún ní fèrè tó ṣáájú ìpìlẹ̀ rẹ̀? Kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó kù gbọ́, kí inú wọn sì bàjẹ́ díẹ̀, nínú ìfẹ́ Kristi.

"Bí ẹ bá tì í mọ́ inú dígí," ni Ìbídùnní wí, "kí ni mo fẹ́ máa fi èémí mi ṣe? Ṣé kí n máa fi fẹ́ná ni?"

Fíkà Oyèdèjì, ọmọ Ọ̀ṣun tí kì í fẹ́ wàhálà, ní kí wọ́n gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. "Tó bá ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ti dígí. Tí kò bá ṣáájú, Màmá á máa fọn ún lọ."

Ẹ̀pẹ́ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n wà: Sájẹ́ǹtì Tìrìmísíyù, tó fi ọgbọ̀n ọdún tún fèrè ṣe fún ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ Sátidé, Ìbídùnní, Olóyè àti Fíkà wọ bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá a nílé. Sájẹ́ǹtì fi awò sójú, ó wá ibi tí àwọn Faransé máa ń lu òǹtẹ̀ sí. Ohun tó bá níbẹ̀ rèé, wọ́n fín in jinlẹ̀: OLÓYÈ ADÉLÀJÀ ÀTI ÌDÍLÉ LÓ FI TA ṢỌ́Ọ̀ṢÌ LỌ́RẸ, 1861.

"Ta ló kọ èyí?"

"Alágbẹ̀dẹ wúrà mi ni, lọ́sẹ̀ yìí tí mo gbà á lọ dán wò nínú àpótí," ni Olóyè wí, ó gbáyà síwájú. "Ó mọ̀wé kọ, àbí?"

"Ó mọ̀ ọ́n kọ. Orí òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà gan-an ló kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ la ti í ka ọjọ́ orí ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò rí 1861 níbẹ̀ ni?"

"Mo rí i, Olóyè. Àfi bíi pé àná ni wọ́n bí 1861 ọ̀hún."

Ìbídùnní fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀ wò. Nọ́ńbà ti lọ. Ta ni yóò wá jẹ́rìí sí fèrè rẹ̀?

Sájẹ́ǹtì rí ojú rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin ẹ wo àgbò Iléyá: ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí sí i lára? Eyín ẹ̀ là ń wò. Irin ìtẹ̀ ni eyín fèrè."

Ó wá là á yé wọn. Láyé ọba àwọn Faransé, igi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ fèrè yìí, irin ìtẹ̀ rẹ̀ kì í ju méjì, mẹ́ta lọ. Ọmọ agbẹ́fèrè fi irin kan kún ti bàbá, ọmọ-ọmọ tún fi kún un. Nígbà tó yá, wọ́n kó igi dúdú ilẹ̀ Áfíríkà lọ sọ́hùn-ún, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tún fi ṣọwọ́ sí wa.

"Ẹ wá wo àwọn ihò yìí. Ọmọrí ló bò wọ́n. Irú ọmọrí báyìí kò tíì dáyé kó tó di nǹkan bí 1906. Ọdún wo ni bàbá bàbá yín kú, Olóyè?"

Olóyè ń wo òkè àjà. Fíkà ló dáhùn: "1899 ló wà lára sàréè wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá bàbá mi ti ní kí àwọn Faransé bá wọn ṣe é kí wọ́n tó kú ni," ni Olóyè wí. "Ọkọ̀ ojú omi ìgbà yẹn máa ń pẹ́."

"Ọdún méje lórí omi?" ni Ìbídùnní bi í. "Ẹja ló ń fọn ún bọ̀ ni?"

Fíkà wúkọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú kò ti Olóyè. "Sájẹ́ǹtì, ẹ ní irin méjì ni ti àtijọ́? Ẹ bá wa fi ẹ̀mú yọ àwọn tó kù."

"Kò ní dún mọ́ láé o."

"Ta ló ní kó dún? Inú dígí ló ń lọ." Ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀mú.

Ìbídùnní já fèrè gbà, ó gbá a mọ́ àyà. "Adélàjà! Gbé ọwọ́ ẹ kúrò! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ ibi ìrìbọmi, tí o fi igbe da Bíṣọ́ọ̀bù láàmú! Tó bá jẹ́ ohun tó gbó lo fẹ́ tì mọ́ dígí, èmi rèé, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kò sì tíì sẹ́ni tó fín orúkọ sí mi lára!"

"Màmá, ẹ máà bínú," ni Olóyè wí, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ ìrìbọmi.

"Fèrè kéré sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898," ni Fíkà wí. "Ó parí. Màmá á máa fọn ún lọ."

"Oyè mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délé, Olóyè."

Sájẹ́ǹtì dí ibì kan tó ń jò lábẹ́ ọmọrí kẹta, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí bọ́ọ̀sì ṣe gbéra ní Ẹ̀pẹ́, Ìbídùnní fa ahọ́n èèsún yọ nínú gèlè, ó fi itọ́ rin ín lẹ́nu. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélẹ̀.

"Olóyè, orin wo ni kí n fọn fún yín?"

Olóyè dojú kọ fèrèsé. "Èyí tó bá kúrú jù."

Ìbídùnní mú orin ẹlẹ́sẹ mẹ́sàn-án. Kò sì fo ẹsẹ kan.