Igbá Wa Tún Dé

Àwọn àgbà ní arúgbó ṣoge rí, àkísà lo ìgbà rí. Ọládépò Àkànjí kò ní ìjà kankan bá òwe yìí, àfi "rí" tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ra dáì dúdú mẹ́ta. Ó fi ọ̀kan pa irun, ó fi ọ̀kan pa irùngbọ̀n, ó sì tọ́jú ìkẹta de ọjọ́ tí òkìkí bá tún dé.

Òkìkí tó mọ̀ ọ́n rí ni. Ní nǹkan bí ọdún 1981, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wà ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń pè ní Mànàmáná Mẹ́rin. Orin wọn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Gìtá á máa dún bí ẹni ń ya páànù, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá jọ figbe bọ ègbè dídùn kan tí èèyàn bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní kúrò létí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọládépò ni olórí wọn. Dépò Dáínámáìtì ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ìlú sì gbà fún un. Nínú àwọn mẹ́rin ọ̀hún, ọ̀kan ti lọ sọ́run, ọ̀kan ti lọ sí Kánádà, kò sì sí èyí tó tíì fi ìròyìn ránṣẹ́. Ó wá ku Dépò àti Timothy, tó ń ta gìtá ní ìjọ Aládùúrà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí.

Ohun tó tú ẹgbẹ́ náà ká kò ju ẹ̀wà lọ. Dépò kọ orin ìfẹ́ kan fún ọmọge kan tó ń jẹ́ Títílọlá: "Ẹwà rẹ pọ̀." Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni ohùn orin náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, "ẹ̀wà" ni gbogbo èèyàn sì ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ìjẹun na abọ́ sókè: "Bù fún wa!" Títílọlá lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Timothy ní kí wọ́n yí ohùn orin náà padà. Dépò ní òun kò lè tìtorí àmì ohùn ba rọ́ọ̀kì jẹ́. Bí oníkálukú ṣe gbé gìtá tirẹ̀ lọ sílé nìyẹn.

Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, Dépò tún kọ orin kan ṣoṣo tí yóò fi padà sí ojú agbo. Ègbè rẹ̀ rọrùn: "Ìgbà wa tún dé o!" Ó gbé e lọ bá Timothy ní sítúdíò kékeré kan ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Timothy gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé gìtá kalẹ̀.

"Dépò, o tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo tún ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ń wolẹ̀, orin ń fò sókè. 'Ìgbà' lo kọ sínú ìwé, 'igbá' lò ń kọ jáde lẹ́nu. Lọ́jọ́sí o se ẹ̀wà, o ò rí nǹkan bù ú sí. Ṣé igbá ẹ̀ lo wá gbé dé yìí?"

"Rọ́ọ̀kì ni, Timothy, kì í ṣe ìdánwò Yorùbá. Ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rọ́ọ̀kì?"

"Ọmọ Yorùbá ni."

Dépò fi ọwọ́ gbá èyí dànù. Timothy wo irun dúdú tó wà lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo ojú tó hunjọ lábẹ́ irun náà, àánú ṣe é, ó gbé gìtá.

Wọ́n gbé orin náà sórí ayélujára lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógójì ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Dépò mọ̀ pé òun nìkan gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó ń lọ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, Kúbúrátù, tó ń ta igbá fínfín ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Kó tó dé ìsọ̀ onígbá, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú gbohùngbohùn. Àwọn obìnrin ń gbè é, wọ́n ń jó. Dépò yọ awò ojú dúdú kúrò lápò, ó fi sójú. Ó ti ń gbé awò náà kiri láti ọjọ́ tí orin ti jáde, nítorí irú àkókò báyìí gan-an.

"Bàbá olórin! Ẹ bá wa fọwọ́ sí i!" Wọ́n na igbá sí i. Ó fọwọ́ sí ọ̀kan, ó fọwọ́ sí èkejì. Ó ti fọwọ́ sí mọ́kànlá kó tó gbọ́ ohun tí obìnrin kan ń sọ fún oníbàárà: "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu olórin fúnra rẹ̀: igbá wa tún dé! Ẹ mú méjì."

Dépò yanu láti ṣàlàyé. Àṣé Kúbúrátù ti dé iwájú rẹ̀, ó sì ti kúnlẹ̀ láàárín ọjà.

"Bàbá Asiyah, ẹ kọrin fún Títílọlá. Ẹ kọrin fún Àṣàkẹ́. Ẹ kọrin fún nọ́ọ̀sì Ìlọrin kan tí ẹ ò tíì ṣàlàyé fún mi títí dòní. Ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ yín, tí mò ń ta igbá, ẹ ò kọrin fún mi rí. Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Dépò rọra pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Marufat ni, èmi ni mò ń ṣètò ayẹyẹ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G. A rí fídíò yín lọ́jà onígbá lónìí, a sì fẹ́ kí ẹ wá kọ orin igbá yẹn fún wa lọ́jọ́ Sátidé."

"Ìgbà," ni Dépò wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Igbá."

Dépò búra pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ó ti tún orúkọ òun ṣe, níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbé òkìkí òun káyé. Ó pe Timothy pé kó fa ohùn orin náà wálẹ̀. Timothy ní, "Ẹ gbà mí! Lẹ́yìn ogójì ọdún!" Ohun kan ṣoṣo ló ba ètò náà jẹ́: Kúbúrátù ní òun yóò bá a lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Dépò gun orí ìtàgé pẹ̀lú ṣòkòtò aláwọ tó ti ń tọ́jú láti ọdún 1982. Síìpù rẹ̀ gbà dé ìdajì. Ó fi ẹ̀wù bo ìyókù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ bámúbámú, igbá sì wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn, nítorí Kúbúrátù kò fi àpò òfìfo wọkọ̀. Òun alára wà níwájú pátápátá. Ó gbé igbá ńlá kan dání tó ní kí wọ́n fín orúkọ ọkọ òun sí lára, pẹ̀lú gìtá kan tó jọ ṣọ́bìrì.

Timothy bẹ̀rẹ̀. Ohùn orin náà wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bá ọ̀rọ̀ mu régí. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì péré ló kù kí Dépò fi sí i, "ìgbà," ayé á sì mọ̀ pé Dáínámáìtì ti padà dé. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Kúbúrátù ti gbé igbá náà sókè orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

"Timothy! Gbé e sókè!"

"Kí ni?"

"Mo ní kí o gbé e sókè, bíi ti tẹ́lẹ̀!" Ó yíjú sí gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyàwó mi Kúbúrátù ni mo kọ orin yìí fún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni!"

Okùn kan já lára gìtá Timothy. Èyí tó kù ló fi ta á, orin fò, igbá fò, Under G sì mì tìtì.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́, Kúbúrátù ń fi áńkáṣíìfù nu dáì tó ti ṣàn wá sí ọrùn ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Asiyah, o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo orúkọ mi?"

"Igbá ni wọ́n ń pè."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ṣáà gbọ́ pé ìwọ ni mo kọ ọ́ fún."

"Bàbá Asiyah, oṣù mẹ́ta gbáko lẹ fi kọ orin yẹn ní balùwẹ̀. Ẹ sì máa ń kọ́kọ́ kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn. 'Ìgbà' lẹ̀ ń kà. Ẹ rò pé mi ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Dépò gba áńkáṣíìfù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi nu ọrùn ara rẹ̀.

"Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbọ́ ọ, èmi ni mo gbé e sínú gbohùngbohùn ọjà. Mo ní bó bá wù yín ẹ ó kọrin fún mi. Bí ò bá wù yín, ẹ ó ṣèèṣì kọ ọ́."

Ọkọ̀ sáré díẹ̀. Dépò gbé igbá ńlá náà lé orúnkún, ó ń wo gìtá tó jọ ṣọ́bìrì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orúkọ ìyàwó rẹ̀ lọ́fun, ó wá fẹ́ fi ohùn fò.

"Ẹ rọra o," ni Kúbúrátù wí. "Bó bá jẹ́ orúkọ mi lẹ fẹ́ kọ, ẹ pè é bó ṣe wà."

Dépò mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́ bó ṣe wà, ohùn mẹ́ta lókè, ọ̀kan nílẹ̀. Awakọ̀ ní kí bàbá tún un kọ.