Gbólóhùn Tí Ọlábímpé Kọ Sẹ́yìn Ìwé

Ọdún 1961 ni. Inísà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, Ọlábímpé, ọmọ Òkukù, sì jẹ́ tíṣà kékeré lábẹ́ mi. Ó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ìkìrun ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀: ìṣirò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́rú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ló ti fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá, wọn kò sì ní gbà á láyè lẹ́ẹ̀kẹta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Adépọ̀jù, àbúrò bàbá rẹ̀, gun kẹ̀kẹ́ dé láti Òkukù. Kò jókòó. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

“Tíṣà, ìyá Bímpé ò sí mọ́. Àárọ̀ yìí ni. A máa sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Mo ní kí n lọ pàdé Ọlábímpé lọ́nà Ìkìrun. Ó di apá mi mú.

“Ẹ jọ̀ọ́. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ kó parí ti ọ̀la ná. Bó bá gbọ́, ṣé ó tún máa lè di kálàmù mú ni?”

“Bó bá béèrè ilé ńkọ́?”

“Ẹ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì yín.”

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Èmi náà fẹ́ kó yege; mi ò ní purọ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni Ọlábímpé dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tó ń lọ Òkukù ṣì wà lójú títì. Mo ṣí ìwé gírámà. A ti dé orí àwọn ọ̀rọ̀ bíi *never*, *seldom* àti *only*: bí irú wọn bá ṣíwájú gbólóhùn, *has*, *did* tàbí *was* gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú olùwà.

“Àwọn Òyìnbó yìí fẹ́ràn wàhálà, Tíṣà. *Never* jókòó tán, gbogbo ará ilé wá ń pààrọ̀ àpótí.”

“Fi ṣe gbólóhùn.”

Ó ronú díẹ̀. “*Never has my mother missed a market day.* Òótọ́ ni o. Màámi, wọn kì í pa ọjọ́ ọjà jẹ. Àbí kò tọ̀nà? Ojú yín le.”

“Ó tọ̀nà,” ni mo wí. “Ṣe òmíràn.”

Mo fi *seldom* dá a dúró títí oòrùn fi wọ̀. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń da eèpẹ̀ bò ní Òkukù lásìkò yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Adépọ̀jù dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdánwò. Ọlábímpé kò padà sí Inísà mọ́. Ó yege. Lẹ́yìn oṣù méjì ó fi ìwé gírámà mi, èyí tó mú lọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, rán ẹnìkan sí mi, kò sí lẹ́tà. Ìlà kan péré ló kọ sí ojú ewé ìkẹyìn: *Only when she was in the ground was I told.* Pé ìgbà tí ìyá òun ti wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún òun.

Mo mú kálàmù onítàdáwà pupa láti wá àṣìṣe inú rẹ̀, bí ìṣe mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé náà bá mi dé ìlú òkèèrè tí mo wà yìí, mi ò sì tíì rí ibi tí mo lè fàlà sí.