Igun Tí A Kì Í Gbá

Màámi kórìíra ìdọ̀tí bí ẹni kórìíra àrùn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn, tí wọ́n bá sì délé, ìgbálẹ̀ náà ló kàn. Yàrá méjì là ń gbé, o lè jẹun lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, torí náà kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ rántí ibi tí mo ti wá.

Nígbà tó ku ọdún kan ká jáde nílé ìwé girama, àwọn tó ń bójú tó ọgbà kan nítòsí mú èmi àti ọmọkùnrin kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, pé ká lo ìsinmi gígùn láti kọ́ iṣẹ́ ọgbà. Wọ́n á máa sanwó fún wa, wọ́n á sì kọ́ wa bí igi, kòkòrò àti ilẹ̀ ṣe ń gbé ara wọn ró. Tí ìsinmi bá parí, wọ́n á mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa, kó máa wá ṣiṣẹ́ ní gbogbo Sátidé. Mo fẹ́ Sátidé yẹn débi pé mo ń fi lálàá.

Ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni ọgbà náà wà, láàárín ògiri gíga méjì, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ìyá Ọgbà ni ọ̀gá wa. Wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wò ọ́, wàá rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó o ti gbàgbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé igun ẹ̀yìn fún wa, èmi ń bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa ìbọ̀wọ́ kan mọ́ra wa lọ́wọ́. Inú mi máa ń yára ru, mi ò ní purọ́. Mo gba ìbọ̀wọ́ náà, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Igun yẹn ń yọ mí lẹ́nu. Ewé gbígbẹ, igi jíjẹrà, àti pòròpórò tí wọ́n dì ní ìdì ìdì tí wọ́n so mọ́ òpó. Ojoojúmọ́ lọwọ́ ń yún mi. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo dé kí gbogbo èèyàn tó dé, mo ní kí n fi ṣe Ìyá Ọgbà ní kàyéfì. Mo gbá igun náà títí tó fi ń dán. Mo tú pòròpórò, mo dà wọ́n sórí òkìtì ajílẹ̀, mo sì fi koríko tútù bò wọ́n.

Ìyá Ọgbà dé, wọ́n dúró níwájú òpó tó ṣófo.  Wọ́n ní oyin adágbé ló wà nínú pòròpórò yẹn, oyin tí kì í ní ilé ńlá, tí kì í ṣe afárá. Ìyá oyin á yé ẹyin sínú ihò pòròpórò, á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dúró kí àwọn oyin yẹn tó wá, àwọn ló sì ń jẹ́ kí òdòdó kùkúńbà wa di èso. Wọ́n rò pé ọkọ̀ akólẹ̀ tó kọjá láàárọ̀ ló ti gbé pòròpórò náà lọ. Wọ́n wá yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lára pátákó iṣẹ́ fún igun yẹn lọ́sẹ̀ náà. Ó ní òun kọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná.

Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Sátidé ti di tèmi, mo mọ̀. Mo rìn lọ sídìí òkìtì, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ti ń gbóná. Ìyá Ọgbà fúnra wọn ló kọ́ wa pé ajílẹ̀ máa ń gbóná débi pé ó ń pa kóró èpò. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹyin yẹn á ti jinná.

Mo sáré padà. "Ẹ má lé e, èmi ni mo gbá a. Ọkọ̀ ò gbé pòròpórò yẹn lọ, ó wà nínú ajílẹ̀."

Ìyá Ọgbà ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kúnlẹ̀, à ń ṣa pòròpórò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun inú èèrà. Mẹ́tàlélógún la rí tí amọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn. A so wọ́n padà, èmi sì kó ewé gbígbẹ mi padà síbi tí mo ti gbá a. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ooru ti pa wọ́n.

Ìsinmi parí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n fún ní Sátidé. Ó tọ́ sí i. Mo sunkún ní ilé ìwẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde.

Màámi wá mú mi lọ́jọ́ tó kẹ́yìn yẹn. Wọ́n yin gbogbo ọgbà, àfi ìgbà tí wọ́n rí igun ẹ̀yìn. Ojú wọn yí padà. Kí n tó mọ̀, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn.

Mo di ọwọ́ wọn mú. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a. Wọ́n ń gbé ibẹ̀."

Wọ́n wò mí bíi pé ibà ń ṣe mí, wọ́n bi mí pé àwọn wo. Mo na ìka sí pòròpórò láti fi hàn wọ́n. Lára ọ̀kan, amọ̀ ti sán. Bá a ṣe ń wò ó ni orí dúdú kékeré kan yọ jáde, ó padà wọlé, ó tún yọ. Nígbà tó jáde tán, ó nu ojú rẹ̀, ó sì fò gba orí kùkúńbà lọ. Omi bọ́ lójú mi, mi ò fi pa mọ́.

 Màámi gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, wọ́n dojú korobá kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e.

"Mélòó ló kù?"

"Méjìlélógún, mà."

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ká dúró dè wọ́n."