Etí Owó Keje

"Mo ní ẹyọ yìí kọ́ ni mo gbé wá!" Tíṣà ju owó fàdákà náà sórí tábìlì iṣẹ́. Ó yí gbirigbiri, ó kọ lu ìdí òṣùwọ̀n, ó ṣubú. "Owó méje tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo ní kí ẹ so mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn. Etí mẹ́fà ń dán bọ̀rọ́, lẹ́tà yí etí ìkeje ká. Tàbí ó hu lẹ́tà lóru bí ìgbà téèyàn ń hu irùngbọ̀n?"

Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ fàdákà kò wo Tíṣà. Obìnrin tó ń bá a dán iṣẹ́ ló kọjú sí. "Etí Ikún, o gbọ́?"

Ó gbọ́. Etí òsì nìkan ló ti di, nítorí ìró òòlù ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá yìí kan náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Oṣù mọ́kànlá ló fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ lẹ́yìn, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan òòlù.

"N kò pààrọ̀ nǹkan kan, Ọ̀gá."

"Ta ló wá pààrọ̀ ẹ̀? Eku?" Tíṣà pòṣé.

"Ẹ má bínú, mà." Ọ̀gá ti fáìlì irin sí iwájú obìnrin náà. "Ha lẹ́tà yẹn kúrò, kó bá àwọn yòókù dọ́gba. Tíṣà á gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi náà á fojú fo ohun tí o ṣe."

Obìnrin náà wo fáìlì. Bó bá ha á, ìjà parí, àmọ́ olè ni yóò máa jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí títí ayé. Bí kò bá ha á, kò sí iṣẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́.

"N kò ní ha á."

"Kí lo wí?"

"Ẹ gbọ́ mi, Ọ̀gá. Etí tiyín méjèèjì ń ṣiṣẹ́."

Ó na awò tí wọ́n fi ń wo nǹkan kéékèèké sí Tíṣà. "Mà, ṣé ẹ ti wo etí wọn rí?"

"Ta ló ń wo etí owó? Orí ọba tó wà lójú ẹ̀ ni mo mọ̀."

"Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n ọba yẹn."

Tíṣà fojú sí awò. Lábẹ́ àgbọ̀n ọba, imú ọba mìíràn yọ fírífírí.

"Owó ìlú mìíràn ni tẹ́lẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Àwọn amúnisìn kò yọ́ ọ. Wọ́n kàn tẹ orí ọba tiwọn lé e ni. Ojú ni wọ́n tẹ̀, wọn ò tẹ etí. Ohun tí ọba àkọ́kọ́ kọ ló ṣì wà níbẹ̀."

"Mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

"Imú wà lábẹ́ àgbọ̀n tiwọn náà. Ọ̀gá ti ha etí wọn ni."

"Panu ẹ mọ́!" Ọ̀gá fò dìde.

Obìnrin náà gbé ìkeje sí apá kan òṣùwọ̀n, ó gbé ọ̀kan nínú mẹ́fà sí apá kejì. Ìkeje lọ sílẹ̀. Ó dán èkejì wò, ó dán ẹ̀kẹta wò. Ìkeje kò gbéra nílẹ̀.

"Eruku fàdákà wọn wà nínú agolo, nínú dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn Ọ̀gá. Ọ̀la ni wọ́n ní kí ẹ wá gbà á, mà. Bí ẹ ṣe tètè dé ni ìkeje fi yè."

"Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni?" Tíṣà bèèrè.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Ọ̀gá kọ etí ikún.

Tíṣà yíjú sí obìnrin náà. "Ìwọ, ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

Ó lè parọ́. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà."

"Òní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ń ha owó ìyá mi lójú ẹ, o dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n pè ọ́ lólè lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé o lẹ́nu. Kí ni ká wá máa pè ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé tààrà. Ó tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé fáìlì lórí.

"Ẹ kó owó yín, mà, ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá," ló wí. "Bí mo bá ń rojọ́ níbẹ̀, màá sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́ ọn."