Ìjàpá Tó Kọ̀ Tí Kò Gbiná

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ìjàpá yẹn ti sú Victoria dé góńgó. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Pius Akínọlá, ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì, mọ́tò Volkswagen àtijọ́ náà ló gba iwájú ilé wọn ní Ìbà Housing Estate. Bàbá ti ha gbogbo ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó dán bọ́ńpà rẹ̀ títí èèyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Mọ́tò rẹwà bí ìyàwó tuntun. Àmọ́ tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ni, kò ní gbiná.

Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì. Ó fọ plọ́ọ̀gì, ó tún un fọ̀. Wọ́n ní kó pe rewáyà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe wá láti Ìyànà Ìbà, ó fàáké kọ́rí.

"Iná mànàmáná ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ," ló wí. "Rewáyà wo ni ẹ tún fẹ́ pè fún mi?"

Ó so wáyà mọ́ gílóòbù kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa iná láti ìdí bátìrì. Tó bá dé agbede méjì, á dúró, á wo ọwọ́ ara rẹ̀ sùn-ùn, á sì padà sí ìdí bátìrì lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Victoria a máa wò ó láti ojú fèrèsé, ó mọ̀ pé ìgbàgbé ti ń ṣe é. Grace, ọmọ wọn tó ń gbé ní Àkúrẹ́, náà ti fura. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá mú bàbá lọ sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n sì ta mọ́tò náà.

"Tí mọ́tò yìí bá fi lè sítáàtì níṣojú Grace," ni Pius wí, "ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé orí mi ò pé mọ́. Mi ò fẹ́ fi ilé mi sílẹ̀, Victoria."

"Ọlọ́run á ṣe é, Dádì Grace."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti rẹ Victoria. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wá bàtà nínú fíríìjì, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ìgbà mìíràn wà tó máa ń gbàdúrà kí ìjàpá náà má gbiná láé, kí Grace lè gba ẹrù yìí lọ́rùn rẹ̀. Ojú a sì tì í lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé omi tútù lọ bá a nínú mọ́tò. Bí bàbá ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọra lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tẹ nǹkan kan sísàlẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ìgbà náà ni Victoria rántí. Láyé ìgbà tí àwọn olè ń jí mọ́tò kiri Ọ̀jọ́ àti Okokomáìkò, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń so súìṣì àṣírí tó ń gé iná kọ́ìlì. Pius náà so tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ pàápàá mọ ibi tó wà. Orí rẹ̀ ti gbàgbé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Victoria ò mọ ẹnu tí èèyàn fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí Grace dé lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ti mú àkísà, ó ti ṣe bí ẹni ń nu eruku inú mọ́tò, ó sì ti gbé súìṣì náà sókè. Pius yí kọ́kọ́rọ́. Ìjàpá bú ramúramù, èéfín gba gbogbo àdúgbò.

"Dádì! Ẹ ṣe é!" Grace fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa, ẹ máa gbé níbí pẹ̀lú Mọ́mì. Mi ò sọ Àkúrẹ́ mọ́."

Inú bàbá dùn dé ẹ̀yìn. Ó ní òun fúnra òun ló máa gbé Grace dé Ìyànà Ìbà lọ wọkọ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì kó lè lọ mú fìlà rẹ̀ nínú ilé. Victoria rí ọwọ́ náà tó ń lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àmọ́ Grace wà nítòsí, kò lè gbé súìṣì náà sókè.

Nígbà tí bàbá padà dé, gbogbo wọn wọ mọ́tò, Grace jókòó sẹ́yìn. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó tún yí i. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Victoria rọra na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bàbá gbá ọwọ́ náà mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo súìṣì náà, ó fi orí ìka kàn án.

"Victoria, ta ló so nǹkan yìí síbí?"

Grace na ọrùn láti ẹ̀yìn wo súìṣì náà.

"Èmi ni," ni Victoria wí. "Nítorí olè." Grace mọ̀ pé ìyá òun ò lè pààrọ̀ gílóòbù inú yàrá pàápàá, àmọ́ kò já irọ́ náà.

Pius wò ó, ó mi orí. "Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Àmọ́ ó yẹ kó o ti sọ fún mi."

"Ẹ má bínú," ló wí, ó gbé súìṣì náà sókè, ìjàpá gbiná, wọ́n sì mú ọ̀nà Ìyànà Ìbà pọ̀n.