Kèǹgbè Méjì Lórí Okùn Kan

Ní ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àdín ni àwọn ìyàwó Bùràímọ̀ méjèèjì ń tà ní Ìlobù. Kí ewúrẹ́ má baà da àdín nù, Bùràímọ̀ ta okùn kan sáàárín òpó méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Mùíbátù ìyálé so kèǹgbè rẹ̀ rọ̀ sórí rẹ̀, Nímọ́tà ìyàwó so tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ọmọ Ìfọ́n ni Nímọ́tà. Ẹni tó bá mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe rí láàárín ìlú méjèèjì á mọ̀ pé irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ kì í tètè fìdí mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èjìká Nímọ́tà gbún kèǹgbè rẹ̀, ó ń fì. Kò kà á sí. Àṣé bí tirẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ ni ti ìyálé, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ń gbéra sọ, títí ìdérí fi yọ, tí àdín dà sílẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o!" Mùíbátù figbe ta. "Tirẹ̀ ló fara kàn, tèmi ló ń jó! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ ẹni tó pa á? Bàbá Gàfárù, ọkọ mi, ẹ dá a padà sí Ìfọ́n!"

Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí wọ́n torí àjẹ́ lé nílé ọkọ? Nímọ́tà kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti kèǹgbè tiyín. Èmi á lọ dúró lẹ́bàá kànga."

"Kí n ti kí ni?"

"Tì í," ni Bùràímọ̀ wí. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Mùíbátù dá ìdérí padà sórí kèǹgbè rẹ̀, ó tì í. Ó fì, ó fì, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti Nímọ́tà sì ń gbéra sọ. Nígbà tó yá, ti ìyálé dúró gbagidi bí ẹni pé wọ́n dì í mú. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ti Nímọ́tà rọlẹ̀.

Oyèdìran, tíṣà tó háyà yàrá iwájú, yọ pákò lẹ́nu, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Gàfárù, ẹ̀yin náà ti dàjẹ́ nìyẹn!"

"Tíṣà, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o."

"Okùn kan náà ló gbé wọn, mà. Ohun tí ọ̀kan pàdánù, èkejì ló gbà á, á sì dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jọ tì wọ́n síbì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ò ní gba tèkejì."

Mùíbátù pòṣé. Ó wo ọkọ, ọkọ ń wo òkè.

"O ṣì dúró síbẹ̀? Wá ti tìẹ," ni ìyálé sọ fún Nímọ́tà.

Wọ́n jọ tì wọ́n. Kèǹgbè méjèèjì jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀, títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

"Ó dáa," ni ìyálé wí. "Lọ bu eérú wá, ká bo àdín ilẹ̀ yìí."

Nímọ́tà sáré wọ ilé ìdáná. Kò bèèrè ibi tí eérú wà. Ilé rẹ̀ ni.