Àwọn Tó Wá Láìsí Ẹni Tó Rán Wọn

Nígbà tí Albert fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì tún kú, kò sí ohun kan tó ń mú un jí kánkán láàárọ̀ mọ́. Ilé rẹ̀ wà ní Mòlípà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ńlá tí òun àti Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, yàrá sì ti wá pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Jọ́gíráfì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó mọ orúkọ odò àti òkè ní àwọn ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ayọ̀fẹ́, ń gbé ní Kánádà. Ó máa ń pè é lórí fóònù onífídíò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí bàbá bá ti sọ pé òun ti jẹun, tí ọmọ náà sì sọ pé òtútù mú lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀rọ̀ a tán láàárín wọn. Wọ́n a kàn máa wo ojú ara wọn.

Ayọ̀fẹ́ ló mú àbá géèmù náà wá. Ó ní géèmù kan wà tí òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé jọ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn rẹ̀ dá lórí ọjọ́ iwájú, nígbà tí ọmọ aráyé yóò ti lọ tẹ ìlú dó sáàárín àwọn ìràwọ̀. Oníkálukú ló ní ọkọ̀ tirẹ̀ tó fi ń rìn káàkiri ojú ọ̀run. Bí Dádì bá gbà láti wá, àwọn á jọ máa rìn, àwọn á sì máa rí nǹkan sọ. Lójú Albert, eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ rẹ̀. Ó gbà. Ayọ̀fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tó lágbára ránṣẹ́ sí i, ó sì jókòó tì í lórí fóònù títí ó fi mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Albert kọ́kọ́ gbéra, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí máòsì. Ayé kan tó pọ́n bí epo ń yí díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Òrùka yìnyín yí i ká, oòrùn méjì sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan funfun, èkejì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ayọ̀fẹ́ ń sọ fún un létí pé kó yí ọkọ̀ sápá ọ̀tún, kó dín eré kù. Ó ń wo ìsàlẹ̀. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrìkìtì ayé sára pátákó títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì ronú rí pé òun lè wo irú rẹ̀ láti òkè.

"Dádì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Jẹ́ kí n wò ó díẹ̀ sí i."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ayọ̀fẹ́ kò lè máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, iṣẹ́ ń dè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Albert ń dá rìn, iṣẹ́ kan já lé e lọ́wọ́ nínú géèmù náà. Ọ̀gágun kan yọ lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní àwọn ọ̀tá ti yìnbọn lu ibùdó kan tó so rọ̀ lójú ọ̀run, gbogbo èèyàn ibẹ̀ ti sá, àfi obìnrin ẹnjiníà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nádírà. Irin ti wó lé e lẹ́sẹ̀. Iná ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú sì fẹ́ tán. "Ìwọ nìkan lo wà nítòsí," ni ọ̀gágun náà wí. "Bí o bá fi falẹ̀, yóò kú."

Ara Albert kò gbà á mọ́. Ó fi ọkọ̀ gbá ògiri ibùdó náà bó ṣe fẹ́ wọlé, ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rìn nínú èéfín tí kò jẹ́ kó rí iwájú. Ó ń gbọ́ ohùn obìnrin náà létí rẹ̀, tó ń mí gúlegúle, tó ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, má pẹ́." Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Bó ṣe fẹ́ tẹ bọ́tìnì tí yóò ṣí i, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo Mòlípà.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Albert dìde dúró. Ó jáde lọ sẹ́nu géètì láti wò ó bóyá iná wà lápá kejì òpópónà, kò sí. Ó padà wọlé, ó bu oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé géèmù ni. Àgbàlagbà ni, kò sì yàwèrè. Síbẹ̀ ohùn obìnrin náà kò kúrò létí rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mọ́ṣádé wà ní ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ara rẹ̀ sì ti ń yá, ìyẹn ni ọkàn Albert ṣe balẹ̀ láti rìnrìn àjò náà. Ọ̀sán ni nọ́ọ̀sì pè é pé kó máa bọ̀, pé ìyàwó rẹ̀ ń béèrè rẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Tírélà kan sì ti ṣubú dínà. Albert sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá tírélà náà nínú ẹrẹ̀, ó gun ọ̀kadà, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Nígbà tó fi máa dé yàrá náà, wọ́n ti fa aṣọ bo ìyàwó rẹ̀ lójú. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì pẹ́. Ó ní Mọ́ṣádé béèrè rẹ̀ títí, nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí wọ́n mú iná lọ ní Mòlípà ni iná tó dé. Albert fẹ́rẹ̀ẹ́ má tan kọ̀ǹpútà náà. Ó tàn án, ó bá ara rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn àná, ó sì ṣí i, ó ti múra sílẹ̀ láti bá òkú.

Nádírà wà níbi tó wà. Iná náà ń jó ní ibi tó ń jó, kò sún mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ kan. Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó, ó sì fi ohùn àná gan-an sọ pé, "Jọ̀ọ́, má pẹ́."

Irun ara Albert dìde. Ó jókòó síwájú obìnrin náà, kò fọwọ́ kan irin. Ó dìde lọ wẹ̀, ó padà wá bá a láàyè. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dé, ó bá a láàyè. Gbogbo ìgbà tó bá ti wọlé ni Nádírà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pẹ́, kò sì sí bí Albert ṣe lè pẹ́ tó tí yóò fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á. Inú rẹ̀ sì tún ń dùn, ayọ̀ kan tí kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Ayọ̀fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, Albert béèrè ìdí tí Nádírà kò fi kú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe kọ ìtàn rẹ̀ nìyẹn, Dádì," ni Ayọ̀fẹ́ wí. "Ẹ̀yin ni akọni ibẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Iná ò lè jó kọjá ibi tó wà, ògiri ò lè wó, àfi tí ẹ bá dé. Wọ́n kàn ń fi ìkánjú dẹ́rù bà yín ni."

Albert tún wo iná tó dúró sójú kan náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹni tó dá irú ayé báyìí sílẹ̀, ó ti pẹ́ dé ibì kan rí."

Ọ̀rọ̀ náà bá Ayọ̀fẹ́ níbi tí kò rò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú Mọ́ṣádé, àwọn méjèèjì kò dárúkọ ọjọ́ tó kú síra wọn rí. Ìgbà yìí ni Ayọ̀fẹ́ tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé màmá òun pe òun lọ́jọ́ náà, òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun sì ti pa ohùn fóònù òun. Albert náà sọ ti tírélà, ó sọ ti ẹrẹ̀. Wọ́n sunkún, olúkúlùkù níwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, Nádírà sì ń mí gúlegúle láàárín wọn títí ọ̀rọ̀ wọn fi tán. Nígbà náà ni Albert gbé irin náà kúrò.

Ọ̀gágun tún yọ. Ó ní nínú gbogbo ayé tí èèyàn ń gbé, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe ohun tí Albert ṣe. Ó fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà, ó sì fi oyè kún orúkọ rẹ̀, Olùgbàlà Ibùdó. Albert rẹ́rìn-ín, ó sì rò pé ìyìn náà tọ́ sí òun, àfi ìgbà tí òun àti Ayọ̀fẹ́ lọ gúnlẹ̀ sí èbúté ńlá kan tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń pàdé. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ súà. Oyè kan náà ló wà lórí orúkọ gbogbo wọn.

Ó béèrè bóyá gbogbo wọn ló gba Nádírà là. Ayọ̀fẹ́ ní gbogbo wọn ni, pé olúkúlùkù ni wọ́n sọ fún pé òun nìkan ló wà nítòsí. Ayọ̀fẹ́ rò pé yóò dun bàbá òun. Kò dùn ún. Ohun tí Albert ń rò ni iye èèyàn tó ti sáré wọ inú iná yẹn nítorí pé wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kò wá iṣẹ́ ọ̀gágun kiri mọ́. Ọ̀nà jíjìn ló wù ú. Ó ń lọ síbi tí kò sí ibùdó, tí kò sí ìtàn kankan, ó ń wo àwọn ayé tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ. Ayọ̀fẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé lọ́hùn-ún yẹn, géèmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí epo èèyàn bá tán, ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́ á kú, ọkọ̀ á fọ́, gbogbo ohun tí èèyàn ti rí tó sì kó jọ lọ́nà á ṣègbé.

Ọ̀sán kan ló gbọ́ ohùn obìnrin kan lójú ọ̀run níbẹ̀. Èèyàn gidi ni, ará Bùràsílì, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ti ń rìn láti ọdún tó kọjá kí òun lè dé etí ibi tí ìràwọ̀ pin sí, òun sì ti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n epo òun ti tán, afẹ́fẹ́ òun sì ń lọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé òun dé ibẹ̀.

Kò sí ọ̀gágun tó yọ. Albert wo àwòrán ojú ọ̀run, ó rí i pé òun ni kò jìnnà jù sí i nínú gbogbo ẹni tó ń gbọ́. Ó pe Ayọ̀fẹ́, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Dádì, epo yín á gbé yín débẹ̀. Kò ní gbé yín padà."

"Mo ti rí i."

"Tí ẹ bá fún un nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà á há síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró dè yín níbẹ̀ yẹn o."

"Mo mọ̀, Ayọ̀. Bá mi pe àwọn èèyàn."

Ó yí ọkọ̀ rẹ̀. Ìrìn náà gùn, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kó máa wo òǹkà epo rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lọ́nà kí ó má baà dákẹ́. Nígbà tó dé, ọkọ̀ obìnrin náà ti ṣókùnkùn, iná pupa kékeré kan ṣoṣo ló kù níwájú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó so okùn epo, ó sì bu nínú ìwọ̀nba tó kù sọ́wọ́ tirẹ̀ fún un. Iná pupa náà di àwọ̀ ewé. Ti Albert ló wá ń di pupa.

Ó ń retí pé kí ọkọ̀ òun kú ni nígbà tí ọkọ̀ mìíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan láti Póláńdì, tó ní òun gbọ́ pé bàbá kan fẹ́ há. Ó fún un ní epo. Lẹ́yìn ọkùnrin náà, òmíràn yọ, ó wá fún ọkùnrin náà. Ayọ̀fẹ́ ti ké sí gbogbo èbúté, ẹni tó gbọ́ sì ké sí ẹlòmíràn. Albert yí ojú ọkọ̀ rẹ̀ padà láti wo ọ̀nà tó gbà wá. Ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú òkùnkùn, ọ̀kan ń bu epo fún èyí tó wà níwájú rẹ̀, tẹ̀yìn ń bu fún un, fìtílà wọn ń tàn kéékèèké títí ojú kò fi lè rí wọn mọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní àmì-ẹ̀yẹ nínú wọn. Ìtàn kankan kò pè wọ́n. Wọ́n ti fi iṣẹ́ àti oúnjẹ wọn sílẹ̀, ní àwọn ilẹ̀ tí Albert mọ orúkọ odò wọn sórí, wọ́n sì wá.

Albert yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Obìnrin Bùràsílì náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pa fìtílà wọn, kí òun fi ohun tí òun tìtorí rẹ̀ wá hàn wọ́n. Wọ́n pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òkùnkùn balẹ̀, gbogbo àgbájọ ìràwọ̀ yọ sí wọn pátá, ó tẹ́ lọ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n dà sórí aṣọ dúdú, ó sì ń tàn láàárín. Gbogbo ibi tí èèyàn ti gbé rí nínú géèmù náà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ará Póláńdì náà béèrè ibi tí bàbá náà ti ń sọ̀rọ̀. Albert ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti pe orúkọ ìlú náà, kò lè pè é dáadáa. Obìnrin Bùràsílì náà gbìyànjú tirẹ̀, ẹlòmíràn náà bọ́ sí i. Ayọ̀fẹ́ ti bú sẹ́rìn-ín. Albert rọra tún un pè fún wọn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń pè é tẹ̀ lé e láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, títí ó fi kan àwọn tí wọn kò tíì dé.